Houston lọ́sẹ̀ yìí: ọmọrí ooru títí di Ọjọ́rú, òjò Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, eruku Sàhárà lópin ọ̀sẹ̀

#1 · Atẹ́gùnÒkun · Ọjọ́ Àìkú, 7:52 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ sì kú ooru. Ọ̀sẹ̀ yìí pín sí mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì jọra, ẹ má fi nọ́ńbà kan ṣoṣo ṣètò ọjọ́ méjèèje.

Ajé sí Ọjọ́rú: afẹ́fẹ́ tó wúwo jókòó lé Texas lórí bí ọmọrí ìkòkò. Afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ ń rọra sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń gbóná bó ṣe ń bọ̀, nǹkan bí 5.5°F fún ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ìkùukùu kì í lè ga lábẹ́ irú rẹ̀. Pápákọ̀ òfúrufú Intercontinental (àríwá ìlú) 98 sí 100°F, pápákọ̀ Hobby (gúúsù) 96 sí 98, Galveston létí òkun 90 tàbí 91. Òjò 10%. Òru náà ò ní sinmi: 78 sí 80 láàárín ìlú, 83 tàbí 84 létí òkun.

Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì: ọmọrí náà máa sún síhà New Mexico, ìrúkèrúdò afẹ́fẹ́ kan á sì gba Louisiana wọlé. Tí a bá fún gbogbo omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ láti ilẹ̀ dé òkè ọ̀run, ohun tí wọ́n ń pè ní PWAT, ó máa kọjá íǹṣì 2.1. Òjò 60%, ooru 91 sí 93.

Àbámẹ́ta àti Àìkú: eruku Sàhárà. 95 sí 97, òjò 10%, ojú ọ̀run á funfun bí omi ògì.

Ní ti ìjì, National Hurricane Center, àjọ tó ń ṣọ́ ìjì òkun, ò kun àwọ̀ kankan sórí Gulf, òkun tó wà létí wa, nínú àwòrán ọjọ́ 7 wọn, ìyẹn ni pé wọn ò retí ìjì níbẹ̀. Aago 1 òru, 7 àárọ̀, 1 ọ̀sán àti 7 alẹ́ (aago Houston) ni wọ́n ń tún un ṣe.

#2 · KatyLókè · Ọjọ́ Àìkú, 8:10 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Áàpù orí fóònù ń sọ pé 103 ni Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní Katy, 100 ló ga jù nínú èyí tẹ́ ẹ kọ. Èwo la fẹ́ gbà?

#3 · Òṣùnwọ̀nOoru · Ọjọ́ Àìkú, 8:31 alẹ́

> Áàpù orí fóònù ń sọ pé 103

Ọ̀pọ̀ áàpù ló ń gbé nọ́ńbà ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo jáde láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tẹ ibi tí Katy wà lórí máàpù weather.gov, ojúewé iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba, ẹ máa rí ti ọ́fíìsì Houston/Galveston gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ ka Area Forecast Discussion wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ohun tó dá wọn lójú àti ohun tí kò dá wọn lójú, ìyẹn sì wúlò ju àwòrán oòrùn kékeré lọ.

Nọ́ńbà tí ọkọ̀ ń gbé jáde ní ojú ọ̀nà I-10, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ọ̀dà gbígbóná ló ń wọ̀n. Ẹ̀rọ ìjọba wà lórí koríko, nínú àpótí tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, nǹkan bí mítà méjì sókè.

Bóyá á kan 100 tàbí kò ní kàn án, ọwọ́ ilẹ̀ ló wà. Ilẹ̀ tútù ń ná ooru oòrùn lórí gbígbẹ omi, èyí tó kù ló ń gbóná afẹ́fẹ́. Ilẹ̀ gbígbẹ kò ní nǹkan tó fẹ́ gbẹ, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọdún 2011 fi ní ọjọ́ 46 tó kan 100 tàbí tó kọjá rẹ̀, tí 2023 sì ní 45. Ọ̀dá wà lọ́dún méjèèjì. 109°F ni Houston ò tíì kọjá rí: 4 oṣù Kẹsàn-án 2000, 27 oṣù Kẹjọ 2011, àti lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù Kẹjọ 2023.

#4 · ÌrìÀárọ̀ · Ọjọ́ Àìkú, 9:05 alẹ́

Àríyànjiyàn lórí 100 àti 103 yẹn ò kàn wá tó bẹ́ẹ̀. Dew point ni kí ẹ máa wò. Òun ni ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tutù dé kí omi inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ bí ìrì. Bó bá ṣe ga tó ni òógùn ṣe ń kọ̀ láti gbẹ lára, bí òógùn ò bá sì gbẹ, ara ò lè tutù.

Ẹ wo 96°F kan náà:

Dew point 68, ọ̀rinrin 40%: ara á gbà á bí 101.
Dew point 74, ọ̀rinrin 50%: 108.
Dew point 77, ọ̀rinrin 55%: 112.

Ìyàtọ̀ 11 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ thermometer ò sún rárá. Ẹ tún fi Galveston wé Katy. Galveston 90°F pẹ̀lú ọ̀rinrin 70%, ó ń lọ sí 106 lára. Katy 100°F pẹ̀lú 40%, 109 ni. Ẹni tó sá lọ sétí òkun nítorí 10°F, 3 péré ló jèrè. Òjìji la sì fi ṣírò gbogbo èyí o. Inú oòrùn gangan lè fi tó 15°F kún un.

Ohun tó máa ń dà á rú ni aago. Ní 7 àárọ̀, dew point máa ń wà ní 76 tàbí 77 káàkiri. Tí ilẹ̀ bá ti gbóná dáadáa, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ á máa pò mọ́ èyí tó gbẹ lókè, tó bá fi máa di 3 ọ̀sán, dew point ní ìwọ̀-oòrùn àti àríwá ìlú á ti já sí 70 tàbí kó tún rẹlẹ̀ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni atẹ́gùn òkun á dé: Galveston ní nǹkan bí 11 àárọ̀, Hobby 1 sí 2 ọ̀sán, Intercontinental 4 sí 5, Conroe lè máà rí i títí di ìrọ̀lẹ́. Ooru á já, omi á sì wọlé. Ibi tó wà ní 100 pẹ̀lú 40% lè di 96 pẹ̀lú 55%, ìyẹn ni pé 109 á di 112. Atẹ́gùn dé, ara ò mọ̀ ọ́n.

#5 · KatyLókè · Ọjọ́ Àìkú, 9:17 alẹ́

Áà! Èmi ti rò pé atẹ́gùn òkun ni ìtura. Ṣé 109 yìí ló ń mú kí wọ́n kéde ìkìlọ̀ ooru?

#6 · ÌrìÀárọ̀ · Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́

Ìtura ni, heat index, ìyẹn nọ́ńbà bí ooru ṣe ń rí lára, ni kò mọ̀ ọ́n. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló gbà pé ó ń fẹ́ nígbà gbogbo, torí náà kì í ṣírò agbára atẹ́gùn tó ń gbẹ òógùn. Wet Bulb Globe Temperature, WBGT, ló ń ka oòrùn, atẹ́gùn, ọ̀rinrin àti ooru pọ̀. Ẹni tó ń kó àwọn ọmọ lọ sí pápá bọ́ọ̀lù, WBGT ni kó wò.

Ní ti ìkìlọ̀: ní agbègbè Houston, Heat Advisory bẹ̀rẹ̀ ní heat index 108. Èyí tó le jù ú lọ, tí wọ́n ń pè ní Extreme Heat Warning láti oṣù Kẹta 2025 (Excessive ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀), bẹ̀rẹ̀ ní 113. Ẹ máa retí Advisory láti Ajé dé Ọjọ́rú. Ẹ tún wo HeatRisk, òǹkà 0 sí 4 láti àwọ̀ ewé dé àwọ̀ àlùkò. Ó ń ka ooru òru mọ́ ọn. Òru 80 lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra ló ń pa arúgbó tó wà nínú ilé tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, kì í ṣe ọ̀sán kan ṣoṣo.

#7 · Alief_77 · Ọjọ́ Àìkú, 10:02 alẹ́

Òjò 60% ní Ọjọ́bọ̀ túmọ̀ sí pé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìlú ló máa rí òjò, àbí? Ṣé ká sún ìpàdé ìta síwájú?

#8 · Atẹ́gùnÒkun · Ọjọ́ Àìkú, 10:20 alẹ́

Rárá o. Ó túmọ̀ sí pé ní ibi tí ẹ dúró sí, àǹfààní 60 nínú 100 wà pé òjò tó tó íǹṣì 0.01, ìwọ̀nba tí páálí lè fi tutù, máa kàn yín láàárín wákàtí tí wọ́n dárúkọ. Kò sọ bó ṣe máa pọ̀ tó, kò sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. 60% lè jẹ́ ìkán díẹ̀, ó lè jẹ́ íǹṣì 3 láàárín wákàtí kan ní Alief kí Bellaire máà rí nǹkan kan.

Nítorí náà ẹ bi ara yín léèrè aago. Irú òjò yìí máa ń yọ létí òkun kí ilẹ̀ tó mọ́, á wá wọ inú ìlú láàárín ọ̀sán bí ilẹ̀ bá ti gbóná. Ìpàdé 8 sí 10 àárọ̀ ní àríwá ìlú ṣì ní àyè. Ti 2 sí 6 ọ̀sán, ẹ gbé e wọlé. Tí ẹ bá gbọ́ àrá pẹ́nrẹ́n, ẹ wọlé, ẹ má sì jáde àfi tí ìṣẹ́jú 30 bá kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ gan-an, ẹ wo HRRR, àsọtẹ́lẹ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń jáde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Má wo ẹyọ kan ṣoṣo, fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin wéra. Bí wọ́n bá ń gbé òjò sí agbègbè kan náà léraléra, ẹ gbà wọ́n gbọ́. Bí gbogbo wọn bá ń gbé e síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òjò máa wà, ibi tó máa bọ́ sí ni kò sẹ́ni tó mọ̀. A ò ní bàlúù ìwọ̀n òkè ọ̀run ní Houston fúnra rẹ̀. Ti Lake Charles àti Corpus Christi tó ń gòkè ní 7 àárọ̀ la fi ń méfò ohun tó wà láàárín.

#9 · OmiBáyọ̀ · Ọjọ́ Àìkú, 10:48 alẹ́

Mo fẹ́ fi ti omi kún un, nítorí PWAT íǹṣì 2.1 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Afẹ́fẹ́ tó kún báyìí lè da íǹṣì 2 sí 4 sílẹ̀ láàárín wákàtí kan bí òjò náà bá dúró lójú kan. Bayou, àwọn odò tó la ìlú kọjá, ò tíì kún nígbà yẹn o. Òpópónà ló máa kún kọ́kọ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe òpópónà Houston kó lè gba omi dúró nígbà tí gọ́tà bá kún, kó má bàa wọ ilé. Omi tó bo òpópónà fún ìṣẹ́jú 40 kì í ṣe àbùkù, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ọkọ̀ tẹ́ ẹ gbé síbẹ̀ ni wàhálà.

Ibi tí ẹ ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ni ojú ọ̀nà tó rì sílẹ̀ lábẹ́ afárá. Omi tó ń ṣàn, íǹṣì 6 péré lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Íǹṣì 12 lè gbé ọkọ̀ kékeré. Íǹṣì 18 sí 24, ó gbé jíìpù lọ. Lóru, ojú omi dúdú jọ ọ̀dà tútù, ẹ ò lè mọ bó ṣe jìn.

Harris County Flood Warning System ní ẹ̀rọ ìwọ̀n káàkiri àwọn bayou, ẹ lè rí iye òjò tó ti rọ̀ ní ìṣẹ́jú 15 tó kọjá àti ibi tí omi dé sí etí bèbè. Ẹ wá èyí tó wà ní òkè omi yín, kì í ṣe èyí tó sún mọ́ yín jù. Omi òkè ló ń bọ̀ wá bá yín.

#10 · Alief_77 · Ọjọ́ Àìkú, 10:55 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ìpàdé ti wọlé. Ọjọ́ Ajé ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù: ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ láìdúró, inú ilé sì wà ní 80. Ṣé ó ti bàjẹ́?

#11 · Ẹ̀rọTútù · Ọjọ́ Ajé, 6:15 àárọ̀

Kò tíì dájú. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ sí ilé ní Houston máa ń ṣírò rẹ̀ fún ìta tó wà ní àárín 95 sí 97. Bí ìta bá di 100, ẹ̀rọ tó pé á ṣiṣẹ́ láti ọ̀sán títí di alẹ́ láìsinmi, ilé á sì gbóná díẹ̀ sí i. Àdánwò kan wà tó máa sọ òtítọ́: ẹ fi thermometer sẹ́nu ihò tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ẹ fi òmíràn sẹ́nu ihò tó ń fẹ́ tútù jáde nítòsí ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15. Ìyàtọ̀ wọn yẹ kó jẹ́ 15 sí 20°F. Bó bá jẹ́ 18, ẹ̀rọ dá, ooru ìta ló pọ̀. Bó bá jẹ́ 9, ẹ máa wá ìdí.

Ìdí àkọ́kọ́ ni asẹ́. Asẹ́ íǹṣì 1, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù nígbà ẹ̀rùn. Asẹ́ tó dí ń dín afẹ́fẹ́ kù, kọ́ìlì inú ilé, páìpù tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù, á tutù jù, omi orí rẹ̀ á di yìnyín. Ẹ̀rọ á máa ké, kò sì ní sí tútù. Bó bá di yìnyín, ẹ pa COOL, ẹ tan FAN sí ON fún wákàtí díẹ̀ kó yọ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á o, ẹ máa lu páìpù. Bó bá tún di yìnyín pẹ̀lú asẹ́ tuntun, gáàsì ti dín, iṣẹ́ oníṣẹ́ nìyẹn.

Ìdí kejì ni páìpù tí omi ẹ̀rọ ń gbà jáde. Ní dew point 76, ẹ̀rọ ń fún ọ̀pọ̀ gálọ́ọ̀nù omi jáde lójúmọ́. Ewédò á dí páìpù náà, omi á padà, swíìṣì ààbò á sì pa ẹ̀rọ pátápátá. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé compressor, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì káàkiri, ló kú. Ife vinegar kan sínú páìpù náà, dúró fún ìṣẹ́jú 30, lẹ́yìn náà ẹ fi omi ṣàn án.

Ní ìta: ẹ pa iná rẹ̀ níbi àpótí tó wà lára ògiri, ẹ fi omi rọra fọ eruku àti koríko lára kọ́ìlì, ẹ má lo omi alágbára tó lè tẹ àwọn irin pẹlẹbẹ ara rẹ̀. Ẹ gé igbó rẹ̀ sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì yíká. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń kùn hùn-ún tí fáànù ò yí, capacitor ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ó máa ń fi iná pamọ́ sínú lẹ́yìn tí ẹ ti pa swíìṣì.

#12 · ÌrìÀárọ̀ · Ọjọ́ Ajé, 7:03 àárọ̀

> ẹ tan FAN sí ON

Fún yíyọ́ yìnyín nìkan o! Lẹ́yìn ìyẹn, AUTO. Bí fáànù bá ń fẹ́ lẹ́yìn tí compressor ti dákẹ́, omi tó wà lórí kọ́ìlì á tún padà sínú afẹ́fẹ́ ilé. Thermometer á ní 76, ilé á sì rin. Ẹ má sì fà á sí 65 pé kó yára, kì í yára. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ní ìwọ̀n agbára kan ṣoṣo, agbára kan náà ló ń lò.

#13 · Bíríkìlà_Pearland · Ọjọ́ Ajé, 11:38 àárọ̀

Àwa tí a ò ní ilé láti wọ̀ ńkọ́? Iṣẹ́ orí òrùlé ò mọ AUTO.

#14 · Òṣùnwọ̀nOoru · Ọjọ́ Ajé, 12:10 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ agbára. Ìlànà OSHA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́: ife omi kan, áúǹsì 8, ní ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí òǹgbẹ tó gbẹ yín. Kó má kọjá áúǹsì 48 láàárín wákàtí kan, nítorí omi àpọ̀jù ń fọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ dànù. Bí iṣẹ́ bá kọjá wákàtí méjì, ẹ fi ohun mímu oníyọ̀ kún un.

Ẹni tuntun, tàbí ẹni tó ń ti ìsinmi dé, ni ooru sábà máa ń gbé. Ọjọ́ kìíní, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ni kó ṣe nínú ooru, kẹ́ ẹ máa fi 20 kún un lójoojúmọ́. Iṣẹ́ òrùlé Ajé sí Ọjọ́rú, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó di 1 ọ̀sán. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ tí kò bára mu, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, 911 ni, kẹ́ ẹ sì máa da omi tútù sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ẹ má dúró wò ó bóyá òógùn ti dá, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè máa lààgùn kí ooru sì ti wọ̀ ọ́ lágbárí.

Fáànù nìkan nínú búkà ìsinmi: bí inú ibẹ̀ bá ti ju 90°F lọ, CDC, àjọ ìlera ìjọba, ní ẹ má gbára lé e. Ooru ló ń fẹ́ síni lára.

#15 · Ìyá_SugarLand · Ọjọ́ Ajé, 2:44 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, eruku Àbámẹ́ta yìí, ṣé irú ti ọyẹ́ ni? Ọmọ ilé ní ikọ́ fée.

#16 · Atẹ́gùnÒkun · Ọjọ́ Ajé, 3:20 ọ̀sán

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mà. Sàhárà kan náà ni, ọ̀nà ló yàtọ̀. Ti ọyẹ́ ń fẹ́ ní ìsàlẹ̀, ó sì ń mú òtútù àárọ̀ wá. Eléyìí ń rìn lókè, láàárín nǹkan bí 5,000 sí 20,000 ẹsẹ̀ bàtà, ó la Atlantic kọjá, kò sì mú òtútù kankan wá. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, ó ń pa ìkùukùu, ó sì ń dí àwọn ìjì inú òkun lọ́wọ́. Èyí tó bá sọ̀ kalẹ̀ dé imú wa ló kan ọmọ.

Ẹ wo PM2.5, ìwọ̀n eruku kíkúnná tó lè wọnú ẹ̀dọ̀fóró, lórí AirNow, ojúewé ìjọba nípa afẹ́fẹ́, láràárọ̀. Bó bá bọ́ sí àwọ̀ ọsàn, ẹ jẹ́ kó ṣeré nínú ilé, ẹ ti fèrèsé, ẹ rọ́pò asẹ́ amúlétutù ní alẹ́ Ẹtì, kí ẹ sì jẹ́ kí inhaler rẹ̀ wà nítòsí bí dókítà ṣe là á sílẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ozone. Kì í ṣe eruku, ọ̀tọ̀ ni: èéfín ọkọ̀ àti ilé iṣẹ́ ni oòrùn ń sè, ó sì ń burú jù ní ọ̀sán tí afẹ́fẹ́ ò lágbára. Àárọ̀ ni kí ọmọ jáde ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ra epo ọkọ̀ lálẹ́, kí oòrùn má bàa rí èéfín epo náà sè.

#17 · Alief_77 · Ọjọ́ Ajé, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Thermometer méjèèjì: 79 wọlé, 62 jáde. 17 ni. Asẹ́ náà dúdú bí ìdí ìkòkò, mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: ilẹ̀ ti lanu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Ṣé kí n máa bomi rin ín, tàbí kí n dúró de òjò Ọjọ́bọ̀?

#18 · OmiBáyọ̀ · Ọjọ́ Ajé, 7:08 alẹ́

17 dáa, ẹ̀rọ yín pé.

Ẹ má dúró de òjò. Amọ̀ Houston ń wú bó bá mu omi, ó ń sún kì bó bá gbẹ, ìyípadà òjijì ló ń fọ́ ìpìlẹ̀. Bí íǹṣì 3 bá já lu ilẹ̀ tó ti lanu, omi á gba ojú ihò náà lọ tààrà sábẹ́ ilé. Ẹ tẹ́ ọ̀pá omi oníhò wẹ́wẹ́ sí íǹṣì 12 sí 18 sí ìpìlẹ̀, kì í ṣe mọ́ ọn lára. Ẹ ṣí i díẹ̀ kó máa sun, ìṣẹ́jú 30 ní àárọ̀ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, kó tó di 10. Ẹ má bomi sínú ihò gan-an, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kó mu ún. Ẹ pa á ní alẹ́ Ọjọ́rú, kí ẹ sì gbá ewé kúrò lẹ́nu gọ́tà iwájú ilé kẹ́ ẹ tó sùn.